Òdú Tí A Kì Í Fọwọ́ Kàn

Ọwọ́ rẹ, Káyọ̀dé! Fi èyí tí mo so aṣọ mọ́ lára yẹn sílẹ̀. Gbogbo èyí tó kù nínú ọgbà yìí, ẹ já a, ẹ sè é, ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn bí ẹ bá fẹ́. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Mo rí i pé ẹ ń wo ara yín. Ẹ ní màmá ti ń ṣarán. Ó dáa. Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ máa ṣa ewé tó wà nínú atẹ yìí bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Láyé ìgbà tiwa, a kì í káwọ́ lẹ́rán gbọ́ ìtàn. Bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà á máa ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo ń pè ní ọgbà lónìí kò ju garawa mẹ́fà àti bàsíà mẹ́rin tó ti jò lọ. Nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira, ẹ̀yìnkùlé yìí lọ títí dé ibi tí ẹ ń pè ní gọ́tà yẹn. Odò kékeré ni nígbà náà, a ń pọn ún mu. Sìmẹ́ńtì ni bàbá yín dà sí gbogbo rẹ̀ kí mọ́tò lè rí ibi dúró sí. N kò bá a jà. Mọ́tò náà ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí wọ́n tó ní ó tó. Aláró ni ìyá mi, ìkòkò aró ló kún ẹ̀yìnkùlé wa, ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti ń da omi aró sí, ẹ̀fọ́ kankan kò ní í hù níbẹ̀. Rírà là ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín létí odò, tòun ti gbòǹgbò ni wọ́n sì ń fà á tu tà. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀fọ́ kò ju kí n ṣa á, kí n bọ̀ ọ́, kí n sè é. Ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni ilẹ̀ gbígbá. Ìyá mi a máa sọ pé ilẹ̀ aláró gbọ́dọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀, a ó kàn gbọ̀n ọ́n ni. Ẹ rántí ìyẹn, òun ló dá wàhálà sílẹ̀.

Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé bàbá àgbà yín wá sí Òṣogbo. Ó kan àga fún ìyá mi, ó sì mú mi lọ. Mo dé Iléṣà, ilé ni mo ń pe ilé, ulé ni wọ́n ń pè é. Iyán ni mo ń pe iyán, uyán ni tiwọn. Bí mo bá la ẹnu báyìí, ẹ̀rín ni. Olúwọlé tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, Jọkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Fọlárànmí tí kò tíì ju ọmọ tó ń rá lọ, gbogbo wọn ni mo mọ orúkọ wọn dòní, ṣùgbọ́n n kò pe ọ̀kan rí nígbà náà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Àní ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìwọ wá wọlé lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Orúkọ mìíràn ni wàá wá fún un. Mo pe Olúwọlé ní Akọ̀wé, mo pe Jọkẹ́ ní Eyínfúnjowó.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó dúdú, ó ń dán, bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa kóro iṣin. Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá láàárọ̀. Òun náà á gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí olóyè: "Ìyàwó wa, dìde. Ṣé o ti fọ ìkòkò?" Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ìyá ọkọ mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìmẹ̀sí, nítorí Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti wá sílé ọkọ. Wọn kò ga, wọn kì í pariwo, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì pọ̀. Ọgbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. "Kò tíì tó." Wọ́n á padà wọlé. Òjò kejì, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. "Kò tíì tó." Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ní "Ó tó," ọjọ́ náà ni gbogbo obìnrin ilé máa di alágbàṣe. A ó kó eérú ààrò, a ó wa ilẹ̀ dúdú ìdí ààtàn, a ó kọ ebè pẹlẹbẹ. Hóró òdú kéré ju iyanrìn lọ. Bí o bá sín, ó ti lọ. Iyanrìn náà la fi ń pò ó kí a tó fọ́n ọn, a ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí adìẹ. Bí ó bá hù, tó tó ìka kan, a ó hú u, a ó tún un gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, gbúre, ìṣàpá, ata wẹ́wẹ́, ilá. Ẹ̀bọ́lọ́ kì í dúró kí a gbin òun, ó ń pe ara rẹ̀ wá ni. Elégédé ní tirẹ̀ kò mọ ààlà ilẹ̀. Ọdún kan, ó gun ògiri, ó lọ so ọmọ ńlá kan sórí páànù balùwẹ̀ àwọn ará ilé kejì. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún tó nilé ní ẹni tó so sórí páànù rẹ̀ ló bímọ fún. Ìyá Ìmẹ̀sí ní, "Ọmọ kì í jẹ́ ti ẹni tó sùn sílé rẹ̀." Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí elégédé fi já fúnra rẹ̀, ó sì dá páànù lu. Wọ́n jọ sè é jẹ ni.

Kí ìrì tó gbẹ láàárọ̀ la ń já ẹ̀fọ́. Èékánná la fi ń já a, ẹ ó máa gbọ́ ọ, pá, pá, pá, láti ẹ̀yìnkùlé kan dé òmíràn. Orí rẹ̀ nìkan là ń já. Bí o bá já orí kan, méjì á yọ. Bí o bá já méjì, mẹ́rin. Ìyá Ìmẹ̀sí ní ẹ̀fọ́ dà bí ènìyàn, ẹni tí a kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, odó á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin kò gbọ́ ọ rí, ẹ sì pàdánù. Gbogbo Iléṣà á máa dún gìdì gìdì bí ìgbà tí ilẹ̀ ní ọkàn. Ní àsìkò iṣu tuntun, tí àwọn ẹbí bá ti Ifẹ́wàrà àti Ẹ̀sà-Òkè dé, iyán funfun, ọbẹ̀ òdú dúdú, ẹja gbígbẹ lórí rẹ̀. Lónìí, ẹ ra ẹ̀fọ́ nínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fìríìjì, ẹ ń jẹ ohun tó ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Òdú Ìyá Ìmẹ̀sí yàtọ̀. Àwọn àgbà ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n olóko tó bá jẹ tiwọn á bèèrè pé kí ni. Òdú àwọn ẹlòmíràn ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Tiwọn, bí o bá jẹ ewé rẹ̀ tútù pàápàá, ó dùn.

Nígbà tí òjò bá ń lọ, tí gbogbo ènìyàn ń múra oko kòkó, wọ́n á yan ẹyọ òdú kan tó dára jù, wọ́n á ya etí ìró kíjìpá kan tó ti gbó, wọ́n á so ó mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já a mọ́. Á gbó, kòkòrò á jẹ ewé rẹ̀, á wọ́ bí arúgbó, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ á máa pọ́n, á dúdú minimini. Bó bá pọ́n tán, wọ́n á fọ́ ọ sínú eérú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná lókè ààrò. Ibẹ̀ ló máa wà nínú èéfín títí òjò á fi tún dé.

Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, kì í sí ẹni tó ń rántí sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun. Mo kàn ń gbọ́ lójú oorun láràárọ̀ pé Ìyá Ìmẹ̀sí ń kí ẹnì kan lẹ́yìnkùlé: "Ìyá mi, ṣé dáadáa lẹ jí?" Mo rò pé àdúrà ni.

Ìyá Ìmẹ̀sí àti àwọn ará ilé yòókù lọ sí oko kòkó lọ́jọ́ Ajé kan. Ó ku èmi àti Adúmáadán nílé, òun nítorí ilé ẹ̀kọ́, ọkọ mi sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún yọ orí lókè ògiri: "Ìyàwó, wolé-wolé ń bọ̀ lọ́la o! Wọ́n ti mú ewúrẹ́ mẹ́ta lókè lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá bá igbó lẹ́yìnkùlé rẹ, kóòtù ni."

Ẹ̀yin kò mọ wolé-wolé. Bó bá wọlé tòun ti ṣòkòtò penpe rẹ̀, ó ń yẹ ìkòkò omi wò, ó ń yẹ ìdí ògiri wò, àyà àgbà á máa já. Ẹ̀rù bà mí. Èmi ìyàwó tuntun, kí n jẹ́ kí wọ́n pe ìyá ọkọ mi lẹ́jọ́? Nígbà tí Adúmáadán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́rú, mo so àwọn ewúrẹ́ wa mọ́lẹ̀, mo di gèlè mọ́ ìdí, mo ṣe ẹ̀yìnkùlé náà bí ti aláró. Koríko, mo fà á tu. Tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó, mo fà á tu. Mo dé ìdí igi òdú kan tó wọ́, tó kún fún ihò, tí àkísà sì kọ́ lára rẹ̀. Mo ní irú ìdọ̀tí wo rèé? Mo fà á tu tòun ti gbòǹgbò, mo jù ú sí ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́.

Wolé-wolé dé lóòótọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ ní ilẹ̀ gbígbá? Ẹ̀yìnkùlé yìí mọ́ ju ti ilé tèmi lọ." Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Adúmáadán ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ni mo bá gbọ́ igbe.

"Ìyàwó! Ewúrẹ́ ti jẹ ìyá ìyá mi!"

Mo sáré jáde. Ewúrẹ́ ń jẹnu, etí aṣọ kíjìpá náà sì ń fì létí ẹnu rẹ̀ bí ahọ́n kejì. Adúmáadán fà á yọ. Kò ku ewé kan, kò ku èso kan. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi: pé nígbà tí ìyá òun ń bọ̀ nílé ọkọ, ìyá tiwọn kò ní aṣọ tí wọn yóò kó fún wọn. Hóró òdú àti eérú ni wọ́n dì sí etí ìró wọn. Etí ìró náà ni ìyá òun ń ya so mọ́ òdú, bí ẹni ń kí ìyá wọn ni wọ́n sì ń kí i láràárọ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí èyí bá ti hù, ibẹ̀ nilé rẹ." Àbúrò ìyá wọn tó ń gbin irú rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí ti kú, wọ́n ti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé. Hóró ọdún tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbìn. Òdú yòókù tí à ń já lórí kì í so; ti ọdún yìí ló wà nínú ewúrẹ́.

Mo ronú àtisá padà sí Òṣogbo. Mo di ẹrù mi pàápàá. Adúmáadán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tú u. A ó sọ pé ewúrẹ́ ló já okùn."

"Adúmáadán, ẹ̀ẹ́ purọ́ fún ìyá yín nítorí tèmi?"

"Ta ló máa bá mi fọ ìkòkò bí o bá lọ?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìmẹ̀sí ti oko dé. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Adúmáadán ti bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, ewúrẹ́ ló já..."

Mo kúnlẹ̀. "Rárá, Ìyá, kò já okùn. Èmi ni mo fà á tu, èmi ni mo fún un jẹ. N kò mọ̀."

Wọ́n jókòó sórí ọlọ. Ojú wọn kò kúrò lára ilẹ̀ mímọ́ náà. Mo ti múra sílẹ̀ de èyíkéyìí tó bá wá.

"Ewúrẹ́ wo?"

"Abo onítótótó yìí, mà."

"Ṣé ó ti jáde?"

"Kò tíì jáde, mà. Nítorí wolé-wolé."

Wọ́n dìde. "Ẹ má tú u. Ẹ mú ìgbálẹ̀ wá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni èmi àti Adúmáadán fi tẹ̀lé ìdí ewúrẹ́. Èyí tó bá ti já bọ́, a ó ṣà á sínú igbá. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún yọ orí lókè ògiri, ó ní, "Ẹ̀yin ará ulé yìí, ṣé wúrà ni ewúrẹ́ yín ń yàgbẹ́ ni?" Ìyá Ìmẹ̀sí dá a lóhùn pé, "Ó jù ú lọ." Wọ́n ní ohun tí ẹyẹ jẹ tí ó ń hù lórí òrùlé, kí ni kò ní jẹ́ kí èyí tí ewúrẹ́ jẹ hù nílẹ̀? A sá a sí abẹ́ ibòji, a pò ó mọ́ eérú, a gbé e sínú ìkòkò lókè ààrò.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà gùn. Wọn kò bá mi wí, wọn kò sì bá mi ṣeré. "Ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ti ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ibi tí èyí bá ti hù nilé rẹ: ọ̀rọ̀ náà ń rìn kiri lórí mi. Bí kò bá hù ńkọ́? Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè wa ń là, Adúmáadán a máa kọjá lẹ́yìn mi, á ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé ìgbẹ́ ewúrẹ́ rẹ ti ń tanná." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí n kò mọ̀ pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀. Ìyá Ìmẹ̀sí tẹ ilẹ̀. "Kò tíì tó." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó tó, àwọn fúnra wọn ló fọ́n ọn. Koríko ló kọ́kọ́ hù. Ẹ̀bọ́lọ́ hù. Tẹ̀tẹ̀ hù rẹpẹtẹ, nítorí ewúrẹ́ ti jẹ òun náà. Mo ń lọ wò ó láàárọ̀, mo ń lọ wò ó lọ́sàn-án. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ewé òdú mẹ́ta tí abẹ́ wọn dúdú díẹ̀ bí aró tí wọ́n fi omi là. N kò fọwọ́ kàn án. Mo lọ pè wọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n já etí ewé kan, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Wọ́n wá já díẹ̀, wọ́n nà án sí mi. Ó dùn.

"Ó hù," ni mo wí.

"Ó hù nílé rẹ, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò pè mí ní ìyàwó mọ́.

Òjò púpọ̀ ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Ìmẹ̀sí lọ, bàbá àgbà yín lọ. Nígbà tí Adúmáadán ń lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀sà-Òkè, èmi ni mo di hóró àti eérú náà sí etí ìró rẹ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì bo ẹ̀yìnkùlé wa, tèmi parẹ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ wà. Lọ́dọọdún, awakọ̀ kan á fọn fèrè níwájú ilé: "Màmá, ẹ̀fọ́ yín láti Ẹ̀sà-Òkè o!" Adúmáadán ti darúgbó, eyín rẹ̀ ti ká, bó bá sì wá kí mi, ó ṣì ń gbé ọwọ́ sẹ́yìn: "Ìyàwó wa, ṣé o ti fọ ìkòkò?"

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló mú un lọ. Ẹ wà níbi ìsìnkú náà. Ẹ̀yin rò pé ọ̀fọ̀ lásán ló mú mi máa dá sọ̀rọ̀ nígbà tí àlùfáà ń ka orúkọ rẹ̀. Bọ́láńlé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fi ètè gbìyànjú rẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ A, B, D.

Nígbà tí mo padà lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ti fẹ́ wó ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ tìgbàlódé. Mo wọ ibẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí eérú tó lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ààrò. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣíbí. Mo ha á sínú áńkáṣíìfù, àwọn ọmọ náà sì ń bojú wo ara wọn bí ẹ ti ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo bèèrè ìborùn rẹ̀ kan, èyí tó gbó jù. Wọ́n fún mi.

Òun lẹ rí lára òdú yẹn. Òdú tó hù nínú hóró náà lẹ ti ń ṣa láti àárọ̀. Ẹ jẹ ewé kan tútù kí ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí bó ti dùn?

Ẹ já èyí tó kù, orí rẹ̀ nìkan o, ẹ má fà á tu. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kó gbó. Bí ó bá pọ́n tí ẹ kò sì bá mi níbẹ̀, eérú wà lábẹ́ àdògán. Bí ẹ bá sì gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ ṣáà ra ewúrẹ́ kan.

Káyọ̀dé, yàrá rẹ ló kọjú sí ibẹ̀. Bí o bá gbọ́ ohùn mi lójú oorun lọ́la, má wí pé àdúrà ni. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè mọ́, hóró tí a kò gbìn ni. Èmi ni mo ń dúró tì í, tí mo ń kí i: "Bọ́láńlé, ṣé dáadáa lẹ jí?"